Ìdí Tí Màkírò Fi Ń Bọ́ Ẹ̀wù Nọ́ńbà Kó Tó Kà Á

Nígbà láéláé, kí kọ̀ǹpútà tó gbọ́n tó báyìí, ìlú kan wà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ tó jẹ́ kìkì yàrá kéékèèké tí wọ́n tò ní ìlà ní ìlà. Nọ́ńbà àti Lẹ́tà ló ń gbé ibẹ̀. Ibi tó bá wu kálukú ló ń dúró sí nínú yàrá rẹ̀.

Àwọn Lẹ́tà ló ń jẹ́ orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú, wọ́n sì ní ẹ̀wù ńlá tí wọ́n fi ń yan. Àwọn Nọ́ńbà ò lẹ́wù rárá. Màkírò, ìránṣẹ́ tí iṣẹ́ kì í sú, ló máa ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn láti ṣírò wọn pọ̀.

Nọ́ńbà kan wà tó ń jẹ́ Ogójì. Òun ló dúró fún ogójì ọmọ abúlé Ìdí-Ìyeyè. Ẹ̀wù àwọn Lẹ́tà wọ̀ ọ́ lójú púpọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lẹ́wù yín," ló wí fún Lẹ́tà aládùúgbò rẹ̀.

"Àbúrò, ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Màkírò kì í ka ẹni tó bá wọ ẹ̀wù yìí o."

"Ta ni ò mọ̀ mí? Ṣé ojú mi ni ẹ̀wù máa bò?"

Bí Ogójì ṣe gbé ẹ̀wù wọ̀ nìyẹn, ó sún sí apá òsì, ó ń mirí.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì Fẹhìntọ́lá, tó ni kọ̀ǹpútà náà, ní kí Màkírò ṣírò àwọn ọmọ abúlé mẹ́ta kó lè fi béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí èèyi ń jà káàkiri. Màkírò ka Ọgbọ̀n, ó ka Ogún. Ó dé ọ̀dọ̀ Ogójì, ó rí ẹ̀wù, ó ní, "Ẹ kúulé o, Lẹ́tà," ó sì kọjá lọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àádọ́ta péré ló dé. Nígbà tó kan àwọn ọmọ Ìdí-Ìyeyè, kúlà tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ sí ti ṣófo. Àwọn ìyá wọn tún wọn pọ̀n, wọ́n ń lọ sílé. Nọ́ọ̀sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń sunkún.

Ogójì gbọ́ ẹkún náà, ojú tì í, àánú ọmọ sì ṣe é. Ó fẹ́ bọ́ ẹ̀wù, àmọ́ ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Màkírò, ẹ gbà mí! Ogójì ni mí! Ogójì ọmọ ń bẹ lọ́rùn mi!"

Màkírò fa ẹ̀wù náà títí ó fi bọ́. Ó dá Ogójì padà sí apá ọ̀tún, ó sì tún ìṣirò ṣe: àádọ́rùn-ún. Lọ́sẹ̀ kejì, abẹ́rẹ́ tó kù dé. Orí bá wọn ṣe é, èèyi ò tíì dé Ìdí-Ìyeyè.

Láti ọjọ́ náà ni Nọ́ńbà ti ń dúró sí ọ̀tún, tí Lẹ́tà ń dúró sí òsì. Nọ́ńbà tó bá tún lọ yá ẹ̀wù Lẹ́tà wọ̀, àmì kékeré aláwọ̀ ewé a yọ sí igun yàrá rẹ̀. Màkírò tó bá sì gbọ́n, á kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù kúrò lára Nọ́ńbà kó tó ṣírò, torí kò mọ iye ọmọ tó lè wà lábẹ́ ẹ̀wù náà.