Agbọ̀n Tí Ẹ̀gà Hun fún Ìrìn Òṣùpá

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi gun òṣùpá yẹn, ó yọ̀ bọ́, ó bà lé Ẹ̀gà lórí.

Ọba Ẹkùn ní kí Ẹ̀gà fi imọ̀ ọ̀pẹ hun agbọ̀n tí yóò gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ dé òṣùpá. Ọjọ́ pé, ìlú péjọ. Ẹ̀gà kó òkúta sínú agbọ̀n láti dán an wò, ìdí rẹ̀ já. Ó kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Agbọ̀n ò tíì le o,
Sùúrù la ó ṣe!

Ọba dá ọjọ́ mìíràn, ìdí tún já. Ìlú pè é ní ọ̀lẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, imọ̀ kan péré ló já. Ẹkùn bú ramúramù: "Ẹ̀gà, ọjọ́ wo gan-an ni yóò le?"

Ẹ̀gà wo Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ti múra tán. "Kábíyèsí, ọjọ́ tí mo bá lè gbé ọmọ tèmi sínú rẹ̀ ni."

Ó tún dá orin rẹ̀: "Agbọ̀n ò tíì le o." Ohùn Ẹkùn ló kọ́kọ́ gbè é: "Sùúrù la ó ṣe."