Ọ̀rọ̀ Tí Ó Dá Ìyàwó Dúró

Alàgbà Ṣówándé ni atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Àgbo. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi tẹ dùùrù níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. N kò ní í tìtorí ìtàn purọ́ mọ́ àgbà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá wọn jà: "N kò mọ̀ ọ́n" kì í jáde lẹ́nu wọn.

Nígbà tí ìgbéyàwó Ìbíyẹmí kù díẹ̀, ó mú ìwé orin kan lọ bá wọn nílé. Orin náà ni ìyá rẹ̀, tó ti di olóògbé, fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀.

"Bàbá, bí n kò bá gbọ́ orin yìí lọ́jọ́ náà, yóò dà bíi pé màámi kò wá. Ṣùgbọ́n èdè Ítálì ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà lórí àmì orin yẹn. Mo ti bi ẹni tó gbọ́ ọ. Ṣé kí n túmọ̀ wọn fún yín?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló kọ́ bàbá rẹ lórin? Máa lọ múra jàre."

Wọ́n yẹ ìwé náà wò. Ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn, wọ́n fò ó. Ṣùgbọ́n ní ojú ìwé kejì, wọ́n rí ọ̀kan tó dùn mọ́ wọn: *duro*. Kò ní àmì ohùn, àmọ́ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń lò láti kékeré náà kò ní. Wọ́n ní ẹni tó kọ orin yìí gbọ́n, ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò fẹ́ ya ìyàwó ní fọ́tò.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìbíyẹmí di apá bàbá rẹ̀ mú, orin ìyá rẹ̀ gba gbogbo ilé, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì ni dùùrù ṣàdédé dákẹ́. Ìyàwó dúró. Bàbá ìyàwó dúró. Àwọn kan rò pé àdúrà ló kàn, wọ́n dijú. Ọkọ ìyàwó tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn: àbí ìyàwó ti pèrò dà ni?

"Alàgbà, kí ló dé?" Àlùfáà ló béèrè.

"Ìwé ló ní kí n dúró."

Ìbíyẹmí gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó lọ bá wọn nídìí dùùrù. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ tí ìka wọn wà lórí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kì í ṣe dúró o! Líle ló túmọ̀ sí lédè Ítálì. Ibí gan-an ló yẹ kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan."

Ojú ti Alàgbà, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

"N kò mọ̀ ọ́n, ìyàwó. Jọ̀ọ́, *loco* tó wà nísàlẹ̀ yìí ńkọ́? Mo ti ń ronú pé ta ló wà lóko."

Ṣọ́ọ̀ṣì hó gèè. Ìbíyẹmí túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó di apá bàbá rẹ̀ mú, orin ìyá rẹ̀ sì sìn ín láìdánudúró títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀.

Àwọn kan ní òwe tí mo fẹ́ pa yìí ti wà kí dùùrù tó dé ilẹ̀ wa. N kò bá wọn jà. Ní Òkè-Àgbo tiwa, nítorí ọ̀nà tí ìyàwó kan rìn lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn àgbà ṣe ń pa á lówe pé: abèèrè kì í ṣìnà.