Ọ̀já Tí Òwú Fi Pọn Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ti ń ran òwú, inú èèpo kan náà ni ẹ̀gbọ̀n òwú àti kóró òwú ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sùn. Ẹ̀gbọ̀n wà lókè, kóró wà nísàlẹ̀. Àwọn kóró wọ̀nyẹn ni ọmọ Òwú.

Bí ọyẹ́ bá ti dé, Òkété á gun Òwú. Á fa ẹ̀gbọ̀n rẹ̀ yọ láti fi tẹ́ ibùsùn, á da àwọn ọmọ sílẹ̀, á sì fi wọ́n panu lórí ìdúró.

"Òkété, ẹ̀gbọ̀n ni kí o mú. Fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi," Òwú bẹ̀ ẹ́.

"Háà, Ìyá Òwú! Ọmọ yín pọ̀ bí erùpẹ̀. Èwo lẹ fẹ́ sunkún sí nínú wọn?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Òwú dé gbòǹgbò. Lọ́dún yẹn, kò sí ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó hù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin àgbẹ̀ kan, Àwẹ̀ró, gba ibẹ̀ kọjá. Ó ru igi, ó pọn ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mú igi tó bọ́, ọmọ kò jábọ́. Ó kọsẹ̀, ọmọ kò jábọ́. Òwú tẹjú mọ́ ọ̀já ìyá ọmọ.

"Àṣé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn!"

Ló bá fa ẹ̀gbọ̀n ara rẹ̀ gùn, ó fi ṣe ọ̀já, ó pọn àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ta á ní kókó.

Òkété tún dé. Ó fa ẹ̀gbọ̀n títí, ọmọ kò bọ́.

"Ìyá Òwú, kí lẹ ṣe sí i? Ẹ tú u o!"

"N kò tú u."

"Òtútù ń pa mí!"

"Kó máa pa ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ mi, kó gbé ọmọ mi pẹ̀lú. Bí o kò bá lè gbé e, sún sẹ́yìn."

Òkété fi ìbínú kó gbogbo rẹ̀ wọ ihò. Kóró ń gún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn.

"Baálé mi, ṣé ibùsùn lẹ kó wálé ni àbí òkúta?"

Òkété fi eyín tú ọ̀já títí. Ẹ̀gbọ̀n há a léyín, ó kún un lẹ́nu bámúbámú, kò sì rí kóró kan gé jẹ. Ló bá kó gbogbo rẹ̀ dà sẹ́nu ihò.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nígbà tí Òkété máa yọjú síta, àwọn ọmọ Òwú ti hù yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká, wọ́n nà ró gangan.

Láti ọjọ́ náà ni kóró òwú ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ̀n rẹ̀ tí kò ṣe é já bọ̀rọ̀. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ ran òwú gbọ́dọ̀ jókòó kó kọ́kọ́ yọ kóró rẹ̀. Bó bá takú mọ́ ọ lọ́wọ́, má pè é ní olóríkunkun. Ìyá rẹ̀ ló so ó, kò sì ní tú u.