Látúbọ̀sún, Onílé Tí Kò Nílé

Ẹni tó sùn lórí ẹní ẹlẹ́ni, ilẹ̀ ló sùn. A máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pa á fún? Látúbọ̀sún ni.

Ìyá àgbà kan, Mopélọ́lá, ló fi ilé rẹ̀ háyà fún un nígbà tó ń lọ ṣòwò lókè odò. Ó ní, "Máa gbé e títí Odéjàyí ọmọ mi yóò fi gbéyàwó. Tó bá ti gbéyàwó, ilé di tiwa padà." Látúbọ̀sún gbà.

Kò pẹ́ tí òun náà fi yàrá ẹ̀yìn háyà fún Àbẹ̀kẹ́ aláró àti Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ni ọkùnrin yìí bá di Baálé ọ̀sán gangan. Ó ní àkùkọ Àbẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ kọ kí òun tó jí.

Nígbà tó gbọ́ pé Odéjàyí ti ń wá ìyàwó, àyà rẹ̀ já. Ilé tí ọmọ náà bá ti fẹ́ tọrọ ọmọ, Látúbọ̀sún á tẹ̀lé e débẹ̀, á ní, "Ẹ ṣọ́ra o, ó ń tọ̀ sórí ẹní." Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ Odéjàyí káàkiri. Látúbọ̀sún kò mọ̀ pé bí Odéjàyí bá wá wo ilé ìyá rẹ̀, ìdí ìkòkò aró Wúràọlá ló ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ kan, Àbẹ̀kẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá. "Baálé, ẹ bá wa yọ̀. Odéjàyí fẹ́ fẹ́ Wúrà."

"Háà! Ọmọ tó ń tọ̀ sórí ẹní!"

"Aláró ni mí, Baálé. Àbàwọ́n wo ni n kò lè fi aró bò?"

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ kejì, Mopélọ́lá wá gba ilé rẹ̀. Ojú Látúbọ̀sún ranko, ó kọjú sí Àbẹ̀kẹ́: "Kó ẹrù rẹ jáde! Onílé fẹ́ gba ilé."

Mopélọ́lá ní, "Ta lò ń lé? Àna wa kì í sùn síta. Ìwọ ni kó o máa lọ."

"Èmi Baálé?"

"Orí ẹní mi lo sùn, Látúbọ̀sún. Mo ti ká ẹní mi."

Títí dòní, bí àgbà bá rí ayálégbé tó ń fi ilé onílé halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn, tàbí adelé tó ń pàṣẹ ju ọba lọ, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un: ẹni tó sùn lórí ẹní ẹlẹ́ni, ilẹ̀ ló sùn. Èyí tó bá gbọ́n nínú wọn a tètè wo ohun tó wà lábẹ́ ìdí rẹ̀.