Kòkòrò Inú Àga Baálẹ̀

Ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ Ládépò ti sú gbogbo abúlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní igi arère tó rọ̀ ni kí Kúyẹ̀ káfíńtà fi kan àga oyè òun. Nígbà tí kòkòrò wá ń jẹ ẹ́, tí ìyẹ̀fun igi ń dà sílẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lé ayùn Kúyẹ̀, ó ní kó kó wọn jáde tán kí oòrùn tó wọ̀, kó má sì tú àga. Kúyẹ̀ ní, "Baálẹ̀, etí la fi ń wá wọn. Bí ariwo bá ta, wọ́n á sá wọnú igi lọ. Tí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá sọ̀rọ̀ kí n tó parí, ẹ dá ayùn mi padà, kí n máa lọ." Baálẹ̀ gbà lójú gbogbo ènìyàn. Ni ilé bá pa lọ́lọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti joyè. Baálẹ̀ pa ẹnu mọ́ títí ọrùn rẹ̀ fi wú. Kúyẹ̀ fi etí lé ẹsẹ̀ àga, ó fi lé apá rẹ̀, kò kánjú rárá. Nígbà tó yá, ó fìdí kalẹ̀ sórí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé àfi Baálẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Dìde níbẹ̀, oníranù!" Baálẹ̀ ti figbe ta. Kúyẹ̀ dìde, ó mú ayùn rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Baálẹ̀. Wọ́n ti sá wọnú." Kò tíì dé ojú ọ̀nà tí ìyáálé Baálẹ̀ fi sáré bá a. "Kúyẹ̀, jọ̀ọ́, padà wá lọ́la. Kòkòrò wà nínú ibùsùn Baálẹ̀ pẹ̀lú."