Ìrókò Tí Mo Kùn Sára Àpáta

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ní obì lẹ́nu jẹ ẹ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ mi òní kì í ṣe èyí tí à ń fi ariwo gbọ́. Èmi ni Ọnàwùmí, ọmọ àwọn tí ń fi efun, osùn, aró àti èédú kun ògiri. Bí ìyá mi bá kun ògiri amọ̀, àlejò á fọwọ́ kàn án, á ní pákó ni, á tún ní òkúta ni. Òun ló kọ́ mi pé ògiri tí a kò bá fi omi èèpo irúgbá ra kẹ́yìn kí ó máa dán, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni.

Ọkọ mi, Ọdẹ́lékè ọdẹ, ló gbé mi dé igbó àwọn iwin. Ó dáná sungbó kí ẹran lè sá jáde, iná náà sì jó ìrókò kan tí àwọn baba ńlá wa bá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà a kò rí i mọ́. Àwọn ẹbí ní kí n gbà pé mo ti di opó. Mo ní ta ni opó? Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo di efun àti osùn mi sínú apẹ̀rẹ̀, mo wọgbó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí nǹkan. Mo rí igi tí ń mí bí arúgbó tó sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo rí odò tí ń ṣàn gòkè. Mo rí àwọn iwin kéékèèké tí ara wọn ń yí àwọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, wọ́n pupa nínú oòrùn, wọ́n dúdú bí aró lábẹ́ ewé. Láti kékeré ni mo ti ń po àwọ̀, n kò rí irú èyí rí, omi sì bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo dé iwájú àpáta ńlá kan, mo bá Aláṣọ-èèpo, olórí àwọn iwin, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ èèpo igi, tó ga ju òrùlé ààfin lọ. Ọkọ mi jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti rù hangogo.

Iwin náà ní, “Obìnrin, kí lo wá wá?”

Mo kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, ọkọ mi ni.”

“Ọkọ rẹ jó ilé mi. Inú ìrókò yẹn ni mo ń gbé kí ìlú yín tó ní orúkọ. Bí ọwọ́ rẹ bá mọ iṣẹ́, kun ìrókò náà sára àpáta yìí. Bí ẹyẹ bá bà lé e kí oòrùn tó wọ̀, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí kò bá bà, ọkọ rẹ yóò di kùkùté.”

Mo kó èédú ìrókò náà gan-an, mo fi fa ìlà èèpo rẹ̀. Mo fi osùn ṣe ara igi, mo fi efun ṣe ibi tí oòrùn ń kàn. Nígbà tí mo parí, mo fi omi èèpo irúgbá ra á títí ó fi ń dán, inú mi sì dùn. Àkókó kan fò wá, ó rí i bó ṣe ń kọ mànà, ó yí padà.

Ọkọ mi wò mí. Ó ní, “Ìyá Ìdòwú, igi wo ló ń dán nínú igbó?”

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bú u, àbí ta ló jó igi? Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ojú ògiri ààfin ni mo fi wo igi igbó. Mo po eérú mọ́ amọ̀, mo fi pa gbogbo dídán náà rẹ́. Lójú mi, àfi bíi pé mò ń ba iṣẹ́ ìyá mi jẹ́. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí àkókó tó padà. Ó bà lé e, ó fi èékánná di àpáta mú, ó sọ ọ́ kó, kó.

Aláṣọ-èèpo sún mọ́ igi tí mo kùn náà. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ọnàwùmí, ṣé ilé mi ti padà?”

Ojú ọkọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Mo ní, “Rárá, Kábíyèsí. Àwọ̀ lásán ni. Ẹyẹ yẹn kò ní rí kòkòrò jẹ níbẹ̀, ẹ̀yin náà kò sì ní rí ibòji. Ohun tí iná jó, ọwọ́ mi kò lè dá a padà.”

Iwin náà sunkún, omijé rẹ̀ ń rùn bí oje igi. Ó ní, “Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan láti wọlé. Ká ní o ní ó ti padà ni, orí mi ni ǹ bá fọ́ mọ́ òkúta yìí. Mú ọkọ rẹ, ẹ máa lọ. Kí ó lọ máa gbin ìrókò.”

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, Ọdẹ́lékè á gbé ọmọ ìrókò lọ síbẹ̀, èmi á bá a pọnmi. Àwa méjèèjì yóò ti kú kí ọ̀kankan nínú wọn tó tó ilé iwin. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi ọwọ́ kun ògiri bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu kun ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbà yín gbọ́ lè fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé.