Bí Etídò Ṣe Jáde Nínú Ẹgbẹ́ Ọjà

Ìyá Àgbà ti jẹun alẹ́ tán. Ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní nínú àgbàlá, ó ní kí àwọn ọmọ má fara ti òun nítorí ooru. Nígbà tí wọ́n jókòó yí i ká, ó pe àlọ́.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba etí odò lọ, kò bá ẹnì kankan jà lọ́nà. Ó dé ẹnu ibodè, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní ta ló wà níbẹ̀."

"Àwa ni," ni àwọn ọmọ wí.

"Ó dáa. Ẹni tó bá sùn, n kò ní padà sẹ́yìn nítorí rẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, ìlú mẹ́rin kan wà tí wọ́n jọ ń ná ọjà. Etídò, Ìlámọ̀, Òkè-Àgbọ̀n àti Ìdí-Apá ni orúkọ wọn. Ènìyàn àti ẹranko ló jọ ń gbé inú wọn nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì pé ìrù rẹ dà.

Wọ́n ní àdéhùn. Lọ́jọ́ tí Etídò bá ń ná ọjà, àwọn mẹ́ta yòókù kò ní ná tiwọn, Etídò ni gbogbo wọn máa wá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó kan Ìlámọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kan Òkè-Àgbọ̀n, lẹ́yìn rẹ̀ ó kan Ìdí-Apá, ó sì tún padà kan Etídò. Ṣíṣí ni ibodè ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ Ọjà ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ń dun àwọn ará Etídò. Òfin náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣu tuntun wọ ọjà títí Ẹgbẹ́ yóò fi kéde. Bẹ́ẹ̀, etí odò ni Etídò wà, ilẹ̀ wọn tutù, iṣu wọn máa ń ta ṣáájú ti gbogbo ayé. Wọ́n á wa iṣu, wọ́n á kó o sí àká, wọ́n á máa wò ó. Eku á jẹ nínú rẹ̀, ìyókù á máa jẹrà. Ọdọọdún ni.

"Ó yẹ kó dùn wọ́n," ni Àdìgún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, wí.

"Ṣé mo sọ pé kò yẹ ni? Jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Nínú Etídò yìí ni Òòrẹ̀ ń gbé. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, ọmọ ènìyàn ni, Ìlámọ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá.

"Ìyá Àgbà," Àjíkẹ́ ní, "báwo lèèyàn ṣe ń fẹ́ òòrẹ̀? Ẹ̀gún ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ ni wọ́n fẹ́ ẹ fún? Ẹni tó fẹ́ ẹ mọ ibi tó ń forí lé."

Amọ̀kòkò ni Àwẹ̀ró. Láti kékeré ló ti ń mọ ìkòkò, iṣẹ́ náà sì wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Iyanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ Etídò, nítorí náà Ìlámọ̀, ìlú baba rẹ̀, ló ti ń wa amọ̀. Yóò rù ú wálé, yóò mọ ọ́n, yóò sun ún, yóò sì gbé e lọ sọ́jà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ilé kan nínú ìlú mẹ́rin náà tí wọn kò ti fi ìkòkò rẹ̀ se ọbẹ̀.

Ó wá di ọdún kan, iṣu Òòrẹ̀ dára ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó kó o jọ, ó ń dúró de ìkéde. Kí ìkéde tó dé, ìdajì iṣu ti jẹrà. Òòrẹ̀ jókòó ti àká, ojú rẹ̀ pọ́n. Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wá bá a.

Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe àgbẹ̀. Kò ní ebè kan ṣoṣo. Ẹnu ló ní. Ó ti ń lọ káàkiri ìlú láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń sọ pé kí Etídò jáde nínú Ẹgbẹ́ Ọjà, kí wọ́n máa ta iṣu wọn nígbà tó bá wù wọ́n. Orin ló fi ń kó wọn jọ. Ẹ bá mi gbè é.

Ta ló kọ ebè?
*Àwa ni.*
Ta ló gbin iṣu?
*Àwa ni.*
Ta ló wa á jáde?
*Àwa ni.*
Ta ló ní ká má tà á?
*Àwọn ni.*
Kí la wá ń dúró ṣe?
*A ò dúró mọ́.*

"Orin náà dùn," ni Àdìgún wí.

"Ó dùn. Ẹnu dùn ún ròfọ́."

Àwọn kan ní kí wọ́n má lọ. Alákàn tó ń ta ẹja ni aṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n Alákàn náà kò mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀. Ó ní bí Etídò bá jáde, ebi yóò pa gbogbo ọmọdé ìlú kí ọyẹ́ tó dé, odò pàápàá yóò gbẹ. Àwọn tó ń ṣe iyèméjì gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́.

Báyìí ni ìlú pín sí méjì. Àwọn tó fẹ́ lọ kì í kí àwọn tó fẹ́ dúró. Bí iná bá kú lọ́dọ̀ ẹnì kan, kò ní lọ fọ́nná nílé ẹni tí wọn kò jọ sọ ohùn kan náà, ó sàn kó jẹ oúnjẹ tútù.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ilé Òòrẹ̀ pẹ̀lú. Àwẹ̀ró bi ọkọ rẹ̀ pé bí ibodè bá di títì, níbo lòun ti máa rí amọ̀. Òòrẹ̀ ní kò síbi tí kò sí amọ̀. Àwẹ̀ró ní kì í ṣe gbogbo amọ̀ ló ń gba iná. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn. Nígbà tí ó sú Òòrẹ̀, ó ní, "Ọmọ Ìlámọ̀ ni ọ́. Tiwọn lò ń gbè."

Àwẹ̀ró lọ kó ìkòkò rẹ̀ wọlé. Ó ti pẹ́ nílé Òòrẹ̀, ó ti rò pé òun ti di ará Etídò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra.

Baálẹ̀ Etídò ni Ẹfọ̀n. Nígbà tí ariwo pọ̀ jù, ó pe gbogbo ìlú sí gbangba. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Etídò jáde lọ sápá odò, kí ẹni tó bá fẹ́ kó dúró lọ sápá ògiri. Wọ́n pín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òòrẹ̀ wà láàárín. Ó wo Àwẹ̀ró lápá ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, òórùn iṣu jíjẹrà ṣì wà níbẹ̀. Ó lọ sápá odò. Apá odò fi díẹ̀ ju apá ògiri lọ, Ẹfọ̀n sì ní ó parí, Etídò ti jáde.

Ìlú mẹ́ta yòókù kò bínú. Wọ́n ránṣẹ́ pé ire o, àmọ́ ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ń san owó ibodè. Wọ́n fi oníbodè sẹ́nu ọ̀nà. Etídò náà fi tiwọn sí i. Abúlé kékeré kan sì wà tí ń jẹ́ Abúlé Ẹ̀gà, ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti wọ Ẹgbẹ́, kò sáyè. Ẹgbẹ́ gbé ọjọ́ ọjà Etídò fún un.

"Àwọn ọmọdé wá kú bí?" Àjíkẹ́ bèèrè.

"Ta ló máa kú? Odò ò gbẹ, ẹnì kankan ò kú. Irọ́ Alákàn nìyẹn."

Àmọ́ nǹkan le fún Àwẹ̀ró. Gbogbo ẹrù amọ̀ tó bá rù kọjá ni oníbodè ń gba owó lórí rẹ̀. Ó gbìyànjú amọ̀ Etídò, gbogbo ìkòkò náà fọ́ nínú iná. Ó jókòó ti àpáàdì, ó sunkún. Nígbà tó yá, ó di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun kò kọ Òòrẹ̀ o, iṣẹ́ òun lòun ń bá lọ sí Ìlámọ̀. Òòrẹ̀ ní kó máa lọ ná. Ó ní bí iṣu tuntun bá ti jáde, owó tí òun máa pa lórí rẹ̀ yóò tó san owó ibodè amọ̀ rẹ̀ títí ọdún, yóò sì padà wálé. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Iṣu ta. Òòrẹ̀ wa á ṣáájú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Etídò kéde ọjà iṣu tuntun. Èrò wá láti ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sanwó ibodè wọlé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fò láti orí àtíbàbà kan sí èkejì.

Ìyá Ìgalà wá láti Òkè-Àgbọ̀n. Oníbàárà Òòrẹ̀ ni láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló máa ń rajà jù. Ó gbé iṣu kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Iṣu yìí dára," ó ní.

Òòrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ fún un. Ìyá Ìgalà dá a dúró. Ó ní òun kàn wá wò ó ni, òun yóò padà wá bí wọ́n bá ti jẹsu lọ́dún iṣu tuntun.

Òòrẹ̀ ní, "A ti jáde nínú Ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó lè ní ká má tà á."

"Ẹ lè tà á. Àwa la ò lè jẹ ẹ́. Àwọn baba ńlá wa kò tíì tọ́ iṣu tuntun wò lọ́dún yìí, èèwọ̀ ni kí ẹnu wa ṣáájú tiwọn. Ṣé Ẹgbẹ́ Ọjà ló fún wa léèwọ̀ ni?"

Òòrẹ̀ bi ará Ìlámọ̀, ohun kan náà ló gbọ́. Ó bi ará Ìdí-Apá, ohun kan náà ni. Gbogbo wọn wo iṣu, wọ́n yìn ín, wọ́n lọ sílé.

Ṣé ẹ rí i, àwọn ará Etídò kò ní irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iṣu wọn bá ti ta, wọ́n á sun ún jẹ. Wọ́n rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn. Òfin tí wọ́n bínú sí, àwọn àgbà àtijọ́ ló ṣe é kí ẹnì kankan má baà gbé iṣu wá síbi tí kò sẹ́nu tí yóò jẹ ẹ́. Àwọn tó ṣe é ti kú. Ẹgbẹ́ kò sọ ìdí rẹ̀ fún Etídò, Etídò náà kò bèèrè. Wọ́n tú ọwọ́ ẹni tó ń tà, wọn kò tú ẹnu ẹni tó ń rà.

Òòrẹ̀ jókòó ti iṣu rẹ̀. Ó wá rántí Àwẹ̀ró. Ọdọọdún, bí òun bá sun iṣu tuntun, Àwẹ̀ró á ní òun ti yó. Ẹ̀wà ni yóò máa jẹ títí wọn yóò fi jẹsu ní Ìlámọ̀. Òun rò pé kò fẹ́ràn iṣu ni. Ìtìjú mú un níbẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Kí ló dé tí Àwẹ̀ró ò sọ fún un?" Àdìgún bèèrè.

"Ó rò pé ó mọ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, a máa ń rò pé ó mọ̀."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ọdún tó ń bọ̀ yóò dára. Kò kúkú ní iṣu tó ń jẹrà. Kí ìlú mẹ́ta yòókù tó jẹsu tán, iṣu tiwọn náà ti délé, ọjọ́ tí wọ́n ì bá sì wá sí Etídò, Abúlé Ẹ̀gà ni wọ́n wà. Ẹfọ̀n ránṣẹ́ pé Etídò fẹ́ padà. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé inú àwọn kò bí sí Etídò, àmọ́ Abúlé Ẹ̀gà ti kọ́ àtíbàbà, a kì í sì í lé ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ dìde nídìí àwo. Kí Etídò dúró títí àyè yóò fi ṣí.

Òòrẹ̀ ṣa iṣu tó kù, ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń lọ sí Ìlámọ̀ lọ bẹ ìyàwó rẹ̀. Oníbodè dá a dúró. Ó ní kí ló ń wá. Òòrẹ̀ ní òun kì í ṣe àlejò.

"Àna wọn ni mí," ó ní.

"Àna náà ń san," ni oníbodè wí.

Òòrẹ̀ kò lówó lọ́wọ́. Oníbodè mú nínú iṣu.

Ó bá Àwẹ̀ró nídìí amọ̀, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Òòrẹ̀ kò fọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní, "Níṣojú mi ni o ti ń fi iṣu tuntun sílẹ̀ lọ́dọọdún, n kò bi ọ́ rí. Mo tún pè ọ́ lọ́mọ ìlú mìíràn. Mo jẹ̀bi."

Àwẹ̀ró fọ ọwọ́. Wọ́n ti jẹsu ní Ìlámọ̀, nítorí náà ó sun iṣu tí Òòrẹ̀ gbé wá, ó pín in, àwọn méjèèjì jẹ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì í. Inú Òòrẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Àwẹ̀ró wo amọ̀ tó wà nílẹ̀.

"Bí mo bá tẹ̀lé ọ," ó ní, "kí ni n ó máa fi ọwọ́ mi ṣe?"

Òòrẹ̀ sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun nìkan ló padà sí Etídò.

Àjíkẹ́ ní ṣé wọn ò wá gbé pọ̀ mọ́ ni.

"Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ìyẹn ni mo mọ̀," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. N kò sọ pé kí èèyàn má kúrò níbi tí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kó tó ju òfin kan nù, kó bèèrè ohun tó bí i, kó sì kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun. Àbámọ̀ lè dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́, àmọ́ àyè tí a fi sílẹ̀, ẹlòmíràn á ti jókòó sí i.

"Àlọ́ mi ti padà sílé, ó ti ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí eyín tó kù lẹ́nu mi yìí ká kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí n kò bá sì purọ́, kó máa fọ́ èkùrọ́."

"Á máa fọ́ èkùrọ́," ni àwọn ọmọ wí, wọ́n sì ká ẹní.